Lùkímíà méjì nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan: ìbéèrè tí ẹbí aláìsàn máa ń bi wá, àti ìdáhùn

Àwọn tí mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí ni ọmọ, ìyàwó, ọkọ tàbí àbúrò tó jókòó síwájú kíníìkì pẹ̀lú ìwé èsì lọ́wọ́, tó sì rí orúkọ àìsàn méjì nínú ìwé kan náà. Láàbù ni iṣẹ́ mi, máíkírósíkóòpù ni mo fi ń jẹun. Dókítà tó ń tọ́jú ẹni yín ló mọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe rí, mi ò sì ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dé ìdí irú èsì bẹ́ẹ̀, àti ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀.

Ṣé lùkímíà méjì lè bá ẹnì kan ṣoṣo lóòótọ́, àbí láàbù ló ṣe àṣìṣe?

Ó lè ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń rí lóṣooṣù. Ẹlòmíì á ṣiṣẹ́ láàbù títí á fi fẹ̀yìn tì láì rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Àmọ́ ó wà. Lùkímíà, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo, orúkọ ìdílé ni. Àwọn ọmọ inú ìdílé náà pọ̀, ìwà wọn kò sì dọ́gba: òmíràn lè pa èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, òmíràn á bá èèyàn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún láì jẹ́ kó mọ̀ pé àlejò wà nílé.

Bí méjì bá wá bára wọn nínú ara kan, ẹ má rò ó bí ìbejì. Ẹ rò ó bí ayálégbé méjì tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan, tí wọn kò mọ ara wọn rí kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Àṣìṣe náà wà o, mi ò ní purọ́. Ìgò ẹ̀jẹ̀ lè gba orúkọ ẹlòmíì. Ìdí nìyí tí ohun àkọ́kọ́ tí láàbù tó mọṣẹ́ máa ṣe, bí èsì bá ti ya ni lẹ́nu, fi jẹ́ kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mìíràn gbà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú bí nọ́ọ̀sì bá tún gún ẹni yín ní abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Èwo àti èwo nínú wọn ló máa ń pàdé?

Oríṣiríṣi ni. Mo máa fi CLL (chronic lymphocytic leukaemia) àti CML (chronic myeloid leukaemia) ṣe àpẹẹrẹ jákèjádò, nítorí pé nínú wọn ni ẹ̀kọ́ náà ti hàn kedere jù lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya orúkọ wọn sọ́tọ̀, ó sì ti kó bá ẹni tó ń kàwé kíákíá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: àwọn kan rò pé akọ̀wé ló ṣi CLL kọ sí CML, wọ́n sì fi bírò pa ọ̀kan rẹ́.

CLL máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní B lymphocyte. Ọmọ ogun ara ni lymphocyte. Nínú CLL, ọ̀kan nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bí irú ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà á dàgbà lójú, wọn ò ní lè jagun, wọn ò sì ní tètè kú, wọ́n á kàn máa kóra jọ. Àwọn àgbàlagbà tó ti ń sún mọ́ 70 ọdún tàbí tó ti kọjá a ló máa ń bá jù.

CML ní tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ìyá sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú mùdùnmúdùn eegun. Kírómósómù 9 àti kírómósómù 22 á já, wọ́n á fi ègé ara wọn ṣe pààrọ̀, jíìnì méjì tí kò yẹ kí wọ́n sún mọ́ra á wá so pọ̀: BCR::ABL1. Peter Nowell àti David Hungerford ló kọ́kọ́ rí kírómósómù 22 tó kúrú yìí ní ìlú Philadelphia ní 1960, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní kírómósómù Philadelphia. Ní 1973, Janet Rowley fi hàn pé pàṣípààrọ̀ ló ṣẹlẹ̀, ègé náà kò sọnù. Ní 2001, wọ́n fọwọ́ sí imatinib, oògùn CML, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Glivec, ní Amẹ́ríkà. Kò sí BCR::ABL1, kò sí CML. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní àbùjá. CLL kò ní irú òǹtẹ̀ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Èyí tí a máa ń rí jù nínú tirẹ̀ ni pé ègé kan sọnù lára kírómósómù 13, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aláìsàn CLL ló ní in.

Bàbá mi ṣe FBC, àyẹ̀wò tó ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ funfun wọn pọ̀ gan-an. Ṣé iye yẹn kò tó láti mọ àìsàn tó ń ṣe wọ́n?

Kò tó. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tó wà lójú ewé yìí, ẹ má gbàgbé ìdáhùn yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi to iye inú rẹ̀, kì í ṣe ti aláìsàn kankan. Bàbá ẹni ọdún 68 kan lọ sí ọsibítù nítorí pé oúnjẹ díẹ̀ ló ń yó wọn, ìhà òsì wọn sì wúwo. Ìwé èsì ní WBC, ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, jẹ́ 94 × 10⁹/L. Ti ẹni tára rẹ̀ dá máa ń wà láàárín nǹkan bíi 4 sí 11. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ pé: neutrophil 40%, lymphocyte 38%, myelocyte 12%, metamyelocyte 5%, basophil 4%, blast 1%.

Dókítà rí myelocyte, sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì dàgbà, àti basophil, ẹ̀jẹ̀ funfun tí kì í sábà pọ̀, ó fọwọ́ kan ikùn, ó bá spleen, ẹ̀yà ara tó ń gbé abẹ́ ìhà òsì, tó ti wú débi ìdodo. Ó ní CML ni. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò BCR::ABL1, ó wà níbẹ̀. Gbogbo èèyàn fọkàn balẹ̀, wọ́n sì kọ oògùn.

Ẹ padà wo 38% yẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni láàbù máa ń kọ iye tó tọ́ sí, ibẹ̀ á sì kà pé 20 sí 40. Nítorí náà kò sí àmì ìkìlọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé lymphocyte bàbá yìí wà bó ṣe yẹ. Àmọ́ 38 nínú ọgọ́rùn-ún kí ni? Ti 94 ni. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 36. Lymphocyte àgbàlagbà tára rẹ̀ dá kì í sábà kọjá 4. Bàbá yìí ní i ní ìlọ́po mẹ́sàn-án, ìwé èsì sì ń sọ pé kò séwu. Bó bá jẹ́ CML nìkan ló gbé WBC wọn dé 94, lymphocyte kò ní ju ìwọ̀nba kékeré lọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí ìgbà tí wọ́n da ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀ sínú àpò kan, tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, ni WBC ṣe rí. Òṣùwọ̀n á sọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ̀yin lẹ máa tú ẹnu àpò wò. Nítorí náà, ẹ sọ fún láàbù kí wọ́n fún yín ní iye gan-an fún oríṣi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kó má jẹ́ ìdá ọgọ́rùn-ún nìkan. Bí wọn kò bá kọ ọ́, fóònù yín lè ṣe ìṣirò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Kí ni ẹ̀yin tó ń wo gíláàsì máa ń rí?

A máa kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí gíláàsì, a ó fi etí gíláàsì mìíràn fà á bí ẹni ń pa bọ́tà sára búrẹ́dì. Bó bá gbẹ, a ó da aró Leishman lé e, a ó fi omi ṣàn án, a ó wá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Lymphocyte CLL kéré, ó rí roboto, kóró àárín rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo inú rẹ̀. Kóró náà máa ń pín sí ègé-ègé bí awọ bọ́ọ̀lù àtijọ́. Wọ́n jẹ́ ẹlẹgẹ́. Bí a ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ náà lórí gíláàsì, òmíràn nínú wọn á bẹ́, á wá rí bí àgbálùmọ̀ tó ti pọ́n jù tí ẹnì kan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí mo bá ti ń rí irú àgbálùmọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ọkàn mi á ti sọ pé CLL.

Ti CML yàtọ̀ pátápátá. Gbogbo ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì ló wà níta: ó dà bí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣí géètì rẹ̀ nígbà tí kò tíì tó àkókò, tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi àti ọmọ ìwé mẹ́fà jọ dà sí ìgboro. Láàárín wọn ni basophil wà, inú rẹ̀ kún fún kóró wínníwínní tó dúdú bí aró ẹlẹ́lùú, tó sì máa ń bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀.

Bí méjèèjì bá wà nínú ẹnì kan, ojú kan náà lẹ ti máa rí wọn: ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àgbálùmọ̀ tó bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Àmọ́ bí dókítà bá ti kọ "CML?" sórí fọ́ọ̀mù, ojú ẹni tó ń kà á á máa wá ohun tí wọ́n rán an. Lymphocyte á wá dà bí èrò tó ń kọjá lọ. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀gá mi ló gba ìdí máíkírósíkóòpù lọ́wọ́ mi, ó wò ó fún ìṣẹ́jú méjì, ó bi mí pé, "Àwọn tó pọ̀ tó yìí ńkọ́?" Láti ìgbà náà, mo máa ń ka sẹ́ẹ̀lì tán kí n tó ka fọ́ọ̀mù.

Wọ́n ní kí a lọ ṣe "flow". Kí nìyẹn?

Flow cytometry ni. Wọ́n máa lẹ èròjà tó ń tàn yanran mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú iná laser, ẹ̀rọ á sì máa ka àmì tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àmì náà ní nọ́ńbà: CD5, CD19, CD20, CD23 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. CD19 jẹ́ àmì B lymphocyte. Lára T lymphocyte ni a ti sábà ń rí CD5. Bí B lymphocyte tó ní CD19 bá tún gbé CD5 àti CD23, tí CD20 rẹ̀ sì ń tàn bàìbàì, CLL ni a máa kọ́kọ́ ronú kàn.

Ohun kejì ló dùn mọ́ mi jù láti ṣàlàyé. B lymphocyte kọ̀ọ̀kan máa ń wọ ọ̀kan nínú aṣọ méjì, kappa tàbí lambda. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó dá, méjèèjì á wà, kappa á fi díẹ̀ pọ̀ jù, bíi méjì sí ọ̀kan. Bí ẹ bá wá kàn án pé gbogbo wọn ló wọ kappa, ó dà bí ìgbà tí ẹ wọ gbọ̀ngàn kan tí ẹ bá ọgọ́rùn-ún márùn-ún èèyàn nínú aṣọ ẹbí kan náà. Ẹ ò ní béèrè bóyá wọ́n mọra. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni wọ́n ti wá. Láti fi ìdí CLL múlẹ̀, irú B lymphocyte aláṣọ-ẹbí yìí gbọ́dọ̀ tó 5 × 10⁹/L ó kéré tán, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Bí kò bá tó 5, tí kò sì sí kókó tàbí àmì mìíràn, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́, kì í ṣe lùkímíà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Ìlú Ọba ní 2002, wọ́n bá a lára bíi 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lé ní 40 ọdún tí FBC wọn dára. Ẹ wá rí i pé kò yani lẹ́nu tó bí a ṣe rò, bí arúgbó tó ní CML bá tún ní ìbẹ̀rẹ̀ CLL lábẹ́ rẹ̀.

FISH àti PCR ńkọ́? Ṣé kò tó kí wọ́n ṣe ọ̀kan?

Àyẹ̀wò jíìnì ni méjèèjì, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. FISH ń lo àwọ̀ tó ń tàn nínú òkùnkùn: ABL1 á tàn pupa, BCR á tàn bí ewé. Bí jíìnì méjèèjì bá ti so pọ̀, iná pupa àti ti ewé á dà pọ̀ di ofeefee. Ẹni tó ń kà á á máa ka sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sábà máa ń tó 200. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n fi ń wo ègé tó sọnù lára kírómósómù 13. Dípò iná méjì, ẹyọ kan ni wọ́n á rí.

PCR kì í wo sẹ́ẹ̀lì, ó ń wọn BCR::ABL1 nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà, ó sì ń fi wé jíìnì kan tí kò yí padà. ABL1 gan-an ni ọ̀pọ̀ láàbù ń lò. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí kò hàn sí gbogbo èèyàn. Lymphocyte CLL náà ní ABL1. Bí wọ́n bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á bu omi la èsì PCR, CML á sì dà bí ohun tó kéré ju bó ṣe rí lọ. Ó yẹ kí láàbù tó ń ṣe PCR mọ̀ pé àlejò kejì wà nínú ìgò náà. Ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àìsàn méjì ni, tí kì í ṣe ọ̀kan tó pa ojú dà?

Níbí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ohun mẹ́rin ló lè jọ ọ́.

Ìkíní, CML fúnra rẹ̀ lè bínú kó di lùkímíà tó ń sáré, ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, ojú lymphocyte ló máa ń gbé wọ̀. Àmọ́ ọmọdé ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn, blast ni à ń pè wọ́n, wọ́n sì gbé BCR::ABL1 lọ́wọ́. Lymphocyte CLL ti dàgbà ní tirẹ̀. Ìkejì, lùkímíà kan wà tó ń sáré tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gbé àmì ìran méjì, bí ọmọ tó ń kọ ilà bàbá àti ilà ìyá pọ̀ sójú kan náà. Ọ̀kan náà ni, kì í ṣe méjì. Ìkẹta, CLL lè di lymphoma, jẹjẹrẹ lymphocyte tó máa ń yọ bíi kókó, tó le. Ọmọ tirẹ̀ ni ìyẹn. Ìkẹrin, àwọn oògùn chemo kan tí wọ́n fi tọ́jú àìsàn àkọ́kọ́ lè ba mùdùnmúdùn jẹ́, kí AML, lùkímíà mìíràn tó ń sáré, yọjú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Òótọ́ ni pé lùkímíà kejì nìyẹn, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ló bí i, ó sì yẹ kí dókítà sọ bẹ́ẹ̀ fún yín láì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n ya sẹ́ẹ̀lì náà sí apá méjì: àwọn tó ní CD19 lápá kan, àwọn yòókù lápá kejì, kí wọ́n sì ṣe FISH fún apá kọ̀ọ̀kan. Bí iná ofeefee bá kún apá àwọn yòókù, tí apá CD19 kò ní in àfi ẹyọ bíi mélòó kan, tó sì jẹ́ pé inú apá CD19 ni ègé kírómósómù 13 ti sọnù, ọ̀rọ̀ ti parí: orírun méjì ni. Mo ní "ẹyọ bíi mélòó kan" nítorí pé ìyá sẹ́ẹ̀lì tí CML bà jẹ́ lè bí B lymphocyte rere díẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti lè ya sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọn kò bá ti lè ṣe é, gíláàsì, flow, FISH àti mùdùnmúdùn ni wọ́n á kó jọ sórí tábìlì kan, kí ẹnì kan ṣoṣo ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní Ìlú Ọba, èyí ti di àṣà: láàbù tó ń rí sí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ máa ń kó gbogbo èsì sínú ìwé kan pẹ̀lú ìparí ọ̀rọ̀ kan. Nílé, ẹbí ló sábà máa ń gbé ìwé kiri láti láàbù dé láàbù, tí láàbù kejì kò sì mọ ohun tí ti àkọ́kọ́ sọ.

Ṣé dandan ni kí wọ́n gún eegun ìbàdí?

Ní irú ọ̀ràn yìí, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yìn egungun ìbàdí ni wọ́n ti ń mú un. Wọ́n á kọ́kọ́ fún ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú. Ìgbà tí wọ́n bá ń fa omi mùdùnmúdùn ló máa ń dunni jù, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Wọ́n á tún gé ègé eegun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bí igi ìṣáná. Ègé yẹn ló ń fi hàn bí àwọn méjèèjì ṣe pín ilé láàárín ara wọn: CML á ti kún gbogbo yàrá, lymphocyte á sì kóra jọ ní òkìtì-òkìtì láàárín rẹ̀.

Ibà ti ń ṣe ìyá mi láti kékeré, spleen wọn sì wú. Ṣé ibà kọ́ ló fà á?

Ó lè jẹ́ ibà. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ibà tó ń pààrà èèyàn lè mú kí spleen wú gidigidi, kí lymphocyte sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ débi tó fi jọ CLL. Àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Ghana ti kọ nípa rẹ̀ dáadáa. Aṣọ ẹbí ló ń yanjú rẹ̀: ti ibà, kappa àti lambda á wà níbẹ̀, ti CLL, aṣọ kan ni. Spleen wíwú kò lè dá sọ orúkọ àìsàn. Bí CML àti CLL bá sì jọ wà, ẹ̀tàn mìíràn tún wọ̀ ọ́: òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí CLL ṣe le tó, ti Rai ní 1975 àti ti Binet ní 1981, ka spleen tó wú mọ́ àmì tirẹ̀. Bó bá jẹ́ CML ló wú u, CLL á dà bí èyí tó le ju bó ṣe rí lọ lójú ìwé.

Wọ́n fún bàbá mi ní Glivec, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta WBC wọn ṣì jẹ́ 41. Ṣé oògùn náà kò ṣiṣẹ́?

Kí ẹnikẹ́ni tó yí oògùn padà, ẹ bi wọ́n pé: 41 ti kí ni? Bí 34 nínú rẹ̀ bá jẹ́ lymphocyte, oògùn náà ti lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó ti lé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ padà sí kíláàsì, àwọn tó kù kì í ṣe tirẹ̀. Imatinib kì í bá CLL jà. Ọ̀nà yìí gan-an ni àṣírí CLL fi ń tú nígbà míì: omi CML fà, òkúta tó wà nísàlẹ̀ odò hàn. Kí PCR fún BCR::ABL1 àti àyẹ̀wò gíláàsì sọ̀rọ̀ kí a tó sọ pé oògùn kọ̀.

Dasatinib, oògùn CML mìíràn, ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò, lymphocyte wọn wá ń gòkè. CLL ti dé nìyẹn?

Ẹ má tíì sunkún. Dasatinib mọ irú eré yìí ṣe. Ó lè mú kí lymphocyte ńlá tó ní kóró wínníwínní nínú gòkè, àwọn wọ̀nyẹn sì jẹ́ ìran T tàbí NK, oríṣi lymphocyte mìíràn, kì í ṣe B. Flow máa yanjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ṣé ó ń ràn? Ṣé àwọn ọmọ lè jogún rẹ̀?

Kò ràn. CML kì í ṣe àjogúnbá. Ní ti CLL, ewu rẹ̀ ga ní ìlọ́po mélòó kan fún ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tó ní in, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní ní in láéláé. Ìtànṣán (radiation) náà kì í bá méjèèjì lò bákan náà: lẹ́yìn bọ́ǹbù Hiroshima àti Nagasaki ní 1945, CML pọ̀ sí i láàárín àwọn tó yè é, a kò sì rí irú ìpọ̀sí tó hàn bẹ́ẹ̀ nínú CLL.

Èwo ni wọ́n máa kọ́kọ́ tọ́jú?

Èyí tó ń sáré jù. Bí ọ̀kan bá jẹ́ AML, òun ni. Bó bá jẹ́ CML àti CLL, CML ni wọ́n sábà máa ń fún ní oògùn lójú ẹsẹ̀, torí pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á yí padà láàárín ọdún mélòó kan. CLL lè má gba oògùn kankan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n á kàn máa ṣọ́ ọ. Bí àsìkò oògùn CLL bá tó, kí dókítà mọ̀ pé imatinib máa ń dí ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ ń gbà fọ́ ibrutinib àti venetoclax, èyí tó lè mú kí wọ́n pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí aláìsàn bá ń mu àgbo, kí dókítà mọ̀ nípa ìyẹn pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń fi pamọ́.

Níbo la ti lè ṣe àwọn àyẹ̀wò yìí nílé?

Ọsibítù ńlá tó ní dókítà ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ lọ, irú bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn CML ní Glivec lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2003, lábẹ́ ètò GIPAP, tí èèyàn fi ń ti òkè ọya wọkọ̀ wá. Ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn CML tó ń wá síbẹ̀ kò tíì pé 40 ọdún. Ohun kan nìyí tó fi yẹ ká fara balẹ̀ bí CML bá bá àgbàlagbà ẹni 68: ọjọ́ orí CLL ló wà yẹn.

Ẹ̀rọ GeneXpert, tí ọ̀pọ̀ ọsibítù fi ń yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò, lè ṣe BCR::ABL1 bí wọ́n bá ní kátíríìjì tirẹ̀. Flow ló ṣòro rí jù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, gbọ́dọ̀ dé láàbù láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Nítorí náà ẹ má gbà á lọ́jọ́ Jímọ̀ bí láàbù náà kì í bá ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ìyá wa kò tíì mọ̀ pé méjì ni. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká má sọ fún wọn. Kí lẹ rí sí i?

Mo mọ ohun tó ń ba ẹ̀gbọ́n yín lẹ́rù. Ṣùgbọ́n màámá á máa lo oògùn kan lójoojúmọ́, wọ́n á sì máa gbọ́ lẹ́nu dókítà pé nǹkan kan wà tí wọn kò tíì ní tọ́jú. Bí kò bá sí ẹni tó ṣàlàyé, wọ́n á rò pé owó ló tán, tàbí pé wọ́n ti pa wọ́n tì. Wọ́n á tún rí i pé WBC kò wálẹ̀ tán, wọ́n á dá oògùn dúró. Mo ti rí ìyá kan tó da oògùn rẹ̀ sínú àpótí aṣọ nítorí irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ọ́ níṣojú yín, kí ẹ mú ìwé èsì dání, kí ẹ fi ìka han màámá: "Èyí ni oògùn yìí ń bá jà. Èyí, à ń ṣọ́ ọ." Kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè tí wọ́n bá fẹ́ bi yín.